"Bí Ó Bá Dàgbà" Kọ́, "Nígbà Tó Bá Dàgbà" Ni

Ìyá Ìbejì kan láti àdúgbò Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo, ló kọ̀wé sí mi báyìí:

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Aṣọ ni mo ń tà. Ìbejì ni mo kọ́kọ́ bí, Táyé obìnrin, Kẹ́hìndé ọkùnrin, wọ́n ti pé ọdún 7. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, AS ni Táyé, SS (sickle cell) ni Kẹ́hìndé. Ìdòwú tí mo bí tẹ̀lé wọn ti pé ọdún 3, oṣù tó kọjá ni àyẹ̀wò sọ pé SS lòun náà. Láti ọjọ́ yẹn ni oorun ti dá lójú mi. Bí ẹnì kan bá húkọ́ lóru, màá dìde lọ wò ó bóyá ó ń mí. Màmá ọkọ mi ní àbíkú ni àwọn méjèèjì. Ọkọ mi kò sọ nǹkan kan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Táyé sọ fún mi pé, 'Mọ́mì, èmi náà fẹ́ kí ẹsẹ̀ máa dùn mí.' Mo sunkún títí. Ṣé ẹ̀bi mi ni? Ojú wo ni àwọn òbí yòókù fi ń wo irú nǹkan yìí tí wọ́n fi ń rí i gbé?"

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ sì kú àìsùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ìwé yín kí n tó mú bírò. Ọdún 32 ni mo fi ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àmọ́ èmi náà bí SS. Ọmọ mi ti pé ọdún 31 báyìí, ó ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀, a sì máa ń bá ara wa jiyàn lórí fóònù. Bí ẹ bá gbọ́ ohùn nọ́ọ̀sì níbì kan, tí ẹ gbọ́ ohùn ìyá níbòmíràn, ẹnì kan náà ló ń bá yín sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ẹ̀bi kúrò nílẹ̀. Bí ẹ̀yin àti ọkọ yín bá jẹ́ AS, bí mo ṣe rò ó, ẹ rántí eré tí a máa ń ṣe lọ́mọdé: ẹnì kan á kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, nǹkan kan wà lọ́wọ́ ọ̀tún, nǹkan mìíràn wà lósì, á ní kí ẹnì kejì mú ọ̀kan. Ẹ̀jẹ̀ A wà lọ́wọ́ yín kan, ẹ̀jẹ̀ S, tó jẹ́ pé bó bá pé méjì ló ń di àìsàn, wà ní ìkejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́wọ́ bàbá wọn. Ọmọ tó ń bọ̀ á mú ọ̀kan lọ́wọ́ yín, á mú ọ̀kan lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rí ohun tó mú. Nínú oyún kọ̀ọ̀kan, 25 nínú 100 ni àyè pé ó lè jẹ́ AA, 50 pé ó lè jẹ́ AS, 25 pé ó lè jẹ́ SS. Ẹ wo ibi tí mo ti ní "oyún kọ̀ọ̀kan". Ọ̀pọ̀ òbí ló rò pé bí ọmọ kan bá ti jẹ́ SS, àwọn mẹ́ta tó kù ti bọ́ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo oyún ló ń bẹ̀rẹ̀ eré náà lákọ̀tun. Ohun tó fà á náà nìyẹn tí ìbejì yín fi yàtọ̀: inú kan ni wọ́n gbé, ṣùgbọ́n ẹyin méjì ni wọ́n ti wá, oníkálukú ló mú tirẹ̀.

Ẹ óò wá ní ta ló fi S sí yín lọ́wọ́. Ní 1954, dókítà kan tó ń jẹ́ Anthony Allison ṣe iṣẹ́ ìwádìí ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ó rí i pé ọmọ tó bá jẹ́ AS, ibà kì í sábà rí i pa bó ṣe ń pa ọmọ AA. Ibi tí ẹ̀fọn ti pọ̀ láyé àtijọ́ ni S ti pọ̀. Òun ló fi jẹ́ pé bí ẹ bá ka ènìyàn mẹ́rin ní Ọjà Ọba, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ AS, òun náà ló sì fi jẹ́ pé ilẹ̀ Nàìjíríà ni wọ́n ti ń bí ọmọ SS jù lọ láyé. Ìyá ìyá yín tó la ibà já nígbà tí kò sí kẹ́míìsì, ó lè jẹ́ S yẹn ló gbà á. Ohun tó dáàbò bo ìdílé méjì kí wọ́n tó mọ ara wọn ló wá pàdé nínú Kẹ́hìndé àti Ìdòwú. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣe é. Bàbá wọn kọ́ ló ṣe é. Kò sí ọjọ́ kan nínú oyún tí ẹ jẹ ohun tí kò yẹ kí ẹ jẹ.

Ní ti Ìyá ọkọ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá wọn jà. Wọn kò kàn rí i sọ. Àwọn àgbà wa rí i tí ọmọ ń kú tẹ̀ léra wọn nínú ìdílé kan náà, wọ́n rí ojú pípọ́n, wọ́n rí egungun tó ń ro ọmọ lóru, kò sì sí ẹ̀rọ tí wọ́n fi lè wo ẹ̀jẹ̀. Wọ́n pè é ní àbíkú. Kì í ṣe gbogbo àbíkú ló jẹ́ SS, ibà àti ilẹ̀-gbígbóná pa púpọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n SS wà níbẹ̀ dáadáa. Ẹ tún wo orúkọ tí wọ́n sọ àwọn ọmọ náà: Málọmọ́, Dúrójayé, Bánjókòó, Dúrósinmi. Ẹ̀bẹ̀ ni gbogbo wọn. Ẹni tó sọ ọmọ ní Bánjókòó kò kórìíra ọmọ náà, ó ń bẹ̀ ẹ́ ni. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dènà ni abẹ àti àgbo. Kí ẹnikẹ́ni má fi abẹ kan ara àwọn ọmọ yẹn, torí kòkòrò tó bá gba ojú ọgbẹ́ wọlé sí ọmọ SS lára kì í ṣe ohun kékeré. Bí ojú wọn bá sì pọ́n, kí ẹnikẹ́ni má gbé àgbo ibà apọ́njú fún wọn. Ẹ̀jẹ̀ pupa tiwa ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́ kó tó gbó. Ti ọmọ SS, ọjọ́ 10 sí 20 péré, torí pé ó máa ń tẹ̀ kọrọdọ bíi dòjé, ó sì máa ń fọ́. Àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ tó ń fọ́ yẹn ló ń yọ lójú wọn. Àgbo kò lè ṣe nǹkan kan sí i, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́.

Bí Ìyá bá tún mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ náà, ẹ fi ọ̀wọ̀ rán wọn létí ohun tí wọ́n mọ̀ ju ẹ̀yin àti èmi lọ. Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n. Òun ló rán Táyé síwájú pé kó lọ tọ́ ayé wò. Táyé tọ́ ọ wò, ó ké, Kẹ́hìndé gbọ́, ó sì tẹ̀lé e wá. Ẹni tó dúró gbọ́ ìròyìn ayé kó tó wọ̀ ọ́, kí ni a fẹ́ fi pè é ní ẹni tó fẹ́ padà? Lẹ́yìn náà, ẹ mú Ìyá dání lọ sí kíníkì lọ́jọ́ tó bá tún kàn. Mo ti rí ìyá àgbà tó jókòó lórí bẹ́ńṣì wa láàárọ̀ pẹ̀lú ojú líle, tó sì jẹ́ pé òun ló ń ka wákàtí oògùn fún gbogbo ilé lóṣù kejì.

Mo fẹ́ sọ ti ọmọ tèmi fún yín báyìí. Òun ni mo fi kọ́ ohun tí iṣẹ́ kò kọ́ mi.

Ó wà lọ́mọ ọdún 14, ọyẹ́ mú lọ́dún náà débi pé omi inú kòtò dà bí omi inú fíríìjì. Mo dìde lóru láti lọ tọ̀, mo gbọ́ ìró kan láti yàrá rẹ̀, bí ìgbà tí eku bá ń họ àpótí. Mo ti ilẹ̀kùn. Ọmọ náà ti ká jọ sórí ibùsùn, ó ki igun ìrọ̀rí bọ ẹnu, ó ń gé e jẹ kí ohùn rẹ̀ má baà jáde. Aṣọ ìrọ̀rí náà ti ya. Mo fọwọ́ kan itan rẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ gbọ̀n. Mo ní, "Ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀?" Ó ní láti agogo mọ́kànlá. Agogo mẹ́ta ti kọjá. Mo ní, "Kí ló dé tí o ò pè mí?" Ó yọ ìrọ̀rí lẹ́nu, ó ní, "Mọ́mì, ojú yín máa ń bà mí lẹ́rù ju ìrora náà lọ."

Èmi tí mo ti fi omi sára ọmọ tí n kò lè kà tán. Mo fún un lóògùn, mo fi aṣọ tí mo rẹ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ dì í lẹ́sẹ̀, ilẹ̀ mọ́, a dé ọsibítù, ara rẹ̀ balẹ̀ lọ́jọ́ kẹta. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi títí dòní. Ẹrù méjì ni ọmọ náà ń rù, mo sì ti rò pé mò ń bá a gbé ọ̀kan. Èmi ni mo di ìkejì lé e lórí.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ẹnu ara mi. Ẹ mọ ohun tí mo gbọ́? Bí mo bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, màá ní, "Nígbà tó bá wọ yunifásítì." Bó bá kan tirẹ̀, màá ní, "Bí Ọlọ́run bá dá a sí." Gbogbo wa ni Ọlọ́run ń dá sí, àmọ́ òun nìkan ni mò ń sọ ọ́ fún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo ra ìwé JAMB fún ṣáájú àkókò, tirẹ̀ ni mo ní ká ṣì máa wò ó ná. Ọmọ ń gbọ́ "bí" yẹn. Ó ń gbọ́ ọ láti ọmọ ọdún 4. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ bá ń ṣọ́ bí ohun tí a yá, á máa wo ara rẹ̀ bí ohun tí wọ́n máa gbà padà. Kí ló máa kàwé fún? Kí ló máa tọ́jú ara fún?

Ojú tí mo fi ń wò ó láti ìgbà yẹn ni mo fẹ́ yá yín: ẹ tọ́ wọn bí ẹni tó máa darúgbó. Kì í ṣe àdúrà nìkan ni mò ń gbà. Alhaja Ashiata Onikoyi-Laguda ní Èkó, SS ni wọ́n, wọ́n sì kọjá ọdún 90. Mo ti dúró ní ibi tí wọ́n ti ń fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí obìnrin kan tó pọnmọ sẹ́yìn ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ ò dá mi mọ̀?" N kò dá a mọ̀. Nígbà tó dárúkọ, mo ní láti jókòó. Lálẹ́ ọjọ́ kan nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 6, èmi fúnra mi ti sọ fún ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi pé ọmọ orí bẹ́ẹ̀dì kẹrin lè má mọ́jú.

N kò ní parọ́ fún yín. Àìsàn yìí ṣì ń pa ọmọ nílẹ̀ wa, ó sì máa ń pa wọ́n jù kí wọ́n tó pé ọdún 5. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé Ìdòwú ló ká mi lára ju Kẹ́hìndé lọ báyìí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá Ìdòwú ti wà lórí penicillin, oògùn tó ń pa kòkòrò, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ títí á fi pé ọdún 5 ó kéré tán, àti bóyá abẹ́rẹ́ àjẹsára pneumococcal rẹ̀ pé. Ẹ ra ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìgbóná ara, kò wọ́n. Bó bá ti fi 38 hàn, ọsibítù ni, lójú ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ òru. Ẹ má kọ́kọ́ yà ní kẹ́míìsì. Ara gbígbóná lásán fún Táyé lè jẹ́ kòkòrò tó ti wọ ẹ̀jẹ̀ fún Ìdòwú.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ìyá kò mọ̀. Nígbà tí ẹ bá ń wẹ̀ fún Ìdòwú lálẹ́, ẹ rọra tẹ abẹ́ egungun ìhà òsì rẹ̀ pẹ̀lú ìka mẹ́rin. Ibẹ̀ ni ohun tí àwa nọ́ọ̀sì ń pè ní spleen wà. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí lójoojúmọ́. Ọjọ́ tí ẹ bá rí i tó wú tó le lábẹ́ ọwọ́ yín, tí àtẹ́lẹwọ́ àti ètè ọmọ funfun, tí kò fẹ́ ṣeré, ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣẹ́ jọ síbẹ̀ nìyẹn, ó lè gba ẹ̀mí láàárín wákàtí díẹ̀. Ìyá tó mọ inú ọmọ rẹ̀ ti gbé ọmọ dé ọ̀dọ̀ wa lásìkò, kó tó di pé ẹ̀jẹ̀ tán lára rẹ̀.

Fún àwọn méjèèjì, folic acid lójoojúmọ́, Paludrine tó ń dènà ibà lójoojúmọ́, nẹ́ẹ̀tì lálẹ́, omi mímu ní gbogbo ìgbà, súwẹ́tà ní ọyẹ́, kí òjò má pa wọ́n. Bí ìrora bá dé, ohun lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ fi lé e, ẹ má fi omi dídì. Ẹ mọ èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀, n kò ní fi gùn yín.

Kẹ́hìndé ti tó ẹni tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn nínú orí rẹ̀ lọ́dọọdún, torí rọpárọsẹ̀ máa ń ká ọmọ SS mọ́ láti ọdún 2 sí 16. Ẹ bi wọ́n ní ọsibítù Asúbíaró ibi tí ẹ ti lè ṣe é. Bí ẹnu rẹ̀ bá yí lójijì, tàbí tí ọwọ́ kan kọ̀ láti gbé ṣíbí, ọsibítù ni, ẹ má ṣe dúró de ohunkóhun. Ẹ tún béèrè nípa oògùn kan tó ń jẹ́ hydroxyurea. Wọ́n dán an wò lára àwọn ọmọ ní Angola, Congo, Kenya àti Uganda, àbájáde rẹ̀ jáde ní 2019: ìrora dín kù, ibà dín kù, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà sí wọn lára dín kù, ikú náà dín kù. Kì í ṣe oògùn tí ẹ máa lọ rà fúnra yín o. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò bó ṣe ń lò ó.

Ẹ kò kọ èyí sínú ìwé yín, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí Kẹ́hìndé ṣì máa tọ̀ sílé. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má nà án, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọrin fún un. Kíndìnrín ọmọ SS kò lè dá omi dúró bí tiwa, omi tó sì yẹ kó mu pọ̀. Nǹkan méjèèjì pàdé ni. Ẹ lọ rí tíṣà rẹ̀: kó jẹ́ kó gbé omi sórí tábìlì, kó jẹ́ kó jáde lọ tọ̀ nígbàkígbà, kí wọ́n má fi í kúnlẹ̀ sóòrùn. Àmọ́ ẹ má sọ pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú bọ́ọ̀lù. Kó gbá a, bó bá ti rẹ̀ ẹ́ kó jókòó, kó mumi. Ọkùnrin tó máa darúgbó gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tó yẹ kóun jókòó, kò sì sí ibi tó ti lè kọ́ ọ ju orí pápá lọ.

Ọkọ yín. Ọkùnrin wa tó bá dákẹ́, kì í sábà jẹ́ pé kò rò ó. Ó lè jẹ́ pé ó ń ka ọwọ́ S tirẹ̀ náà. Ẹ má bi í pé kí ló ń rò. Ẹ gbé oògùn alẹ́ lé e lọ́wọ́: òun ni kó máa fún wọn ní ti wọn, òun ni kó máa tọ́jú káàdì kíníkì. Ọ̀rọ̀ á jáde lẹ́nu ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe nǹkan. Nígbà tó bá jáde, ẹ jọ sọ ti Àlàbá kó tó wọlé: ṣé ẹ ṣì fẹ́ bímọ, ṣé ẹ fẹ́ fètò sí i? Àyẹ̀wò tí wọ́n lè ṣe sí oyún náà wà. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa mọ èyí tó bá ọkàn yín mu, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́. Bí ẹ bá sì bí i, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò láti ọmọ ọwọ́, kó má pẹ́ bíi ti Ìdòwú.

Ẹ bi mí léèrè bí àwọn òbí yòókù ṣe ń wò ó. Àwọn kan á sọ fún yín pé, "Ẹ máa dúpẹ́, ti ẹlòmíràn burú jù bẹ́ẹ̀ lọ." N kì í sọ ọ́. Mo ti bá ìyá ọmọ oníwárápá jókòó, mo ti bá ìyá ọmọ tí kò lè dá jókòó sọ̀rọ̀, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bí ọmọ rẹ̀ kí ẹlòmíràn lè fi dúpẹ́. Ẹsẹ̀ tó ń dun Kẹ́hìndé kì í yé dùn ún nítorí pé ọmọ ẹlòmíràn kò lè rìn. Àwọn tí mo rí tó ń rí i gbé ni àwọn tó ń wo iwájú ọmọ tiwọn. Lọ́jọ́ kíníkì, ẹ wá ìyá tó mú ọmọ ọdún 17 wá, ẹ lọ jókòó tì í. Ẹ má bi í bó ṣe ṣe é. Ẹ ní kó sọ ohun tí ọmọ náà fẹ́ kà ní yunifásítì.

Ní ti oorun, ẹ wọn ìgbóná ara wọn lágogo mẹ́sàn-án alẹ́, ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ wọn, ẹ tẹ inú Ìdòwú, ẹ fún wọn lómi, kí bàbá wọn fún wọn lóògùn, kí ẹ sì lọ sùn. Ohun tí ẹ wò lágogo mẹ́sàn-án ló ń gbà wọ́n, kì í ṣe èyí tí ẹ ń ṣọ́ lágogo méjì òru. Ẹni tí kò sùn kì í rí ohun tó yẹ kó rí nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Ẹ sọ fún Kẹ́hìndé pé bí ara bá ń ro ó, kó pè yín, ẹ ò ní sunkún. Bó bá wá pè yín, Ìyá Ìbejì, ẹ má sunkún lójú rẹ̀. Ẹ lọ sun ún ní bálùwẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti sùn. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ó ku Táyé. Ọmọ náà kò fẹ́ ìrora. Ohun tó máa ń bá ìrora wọlé ló fẹ́: itan yín, ọwọ́ yín tó ń fi òróró pa ẹsẹ̀, ohùn yín tó máa ń rọ̀. Ó ti ṣàkíyèsí pé ẹsẹ̀ tó bá ń dunni ló ń mú kí Mọ́mì jókòó. Ẹ má sọ fún un pé kó máa dúpẹ́ pé ara òun le. Ẹ má sì sọ ọ́ di nọ́ọ̀sì kékeré tí ẹ ń rán pé kó lọ wo Kẹ́hìndé. Ẹ sọ fún un pẹ̀lú ẹnu yín pé kì í ṣe òun ló gba ẹ̀jẹ̀ tó dára lọ́wọ́ èkejì òun. Àwọn ọmọ máa ń ro irú nǹkan yẹn, pàápàá ìbejì, wọn kì í sì í sọ ọ́. Nígbà tí ẹ bá ń lọ ra ọjà lọ́jọ́ Sátidé, òun nìkan ni kí ẹ mú lọ, kó bá yín yan àǹkárá, kí ọwọ́ yín wà lọ́wọ́ rẹ̀ láìsí pé ẹsẹ̀ kankan ń dun ẹnikẹ́ni.

Bí ẹ bá sì ń ra ike omi tí Kẹ́hìndé àti Ìdòwú máa máa gbé kiri, mẹ́ta ni kí ẹ rà. Kí Táyé kọ́kọ́ mú àwọ̀ tó bá wù ú.